Bí Èèyàn Ṣe Ń Di Ẹni Tí Wọ́n Ń Fẹ́ Bá Jókòó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Ará Àgbádárìgì

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n bí ọ̀yàyà mọ́ àwọn kan ni? Èmi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá.

Wọ́n bí i mọ́ àwọn kan lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kéèyàn lẹ́nu yàtọ̀ sí kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn. Ẹ̀yin náà ti wọkọ̀ ní Mile 2 rí, tẹ́nì kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbàrà tí ọkọ̀ kún, ó sọ ti ọmọ ẹ̀, ó sọ ti lánlọ́ọ̀dù ẹ̀, ó sọ bó ṣe fún ọ̀gá ẹ̀ lésì níbi iṣẹ́, títí ẹ fi dé Agbárá kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni yẹn lẹ́nu o. Ta ló fẹ́ bá a wọkọ̀ padà? Ẹni táwọn èèyàn ń wá ni ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan, tó ń bèèrè, tí nǹkan ṣì máa ń yà lẹ́nu, tó sì rántí ohun tẹ́ ẹ sọ fún un lóṣù tó kọjá. Àṣà nìyẹn, ó sì ṣe é kọ́. Mo tiẹ̀ rò pé ẹni tí ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ti ṣíwájú díẹ̀, torí ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, èyí táwọn ọlọ́rọ̀ púpọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́.

Ilé, ṣọ́ọ̀bù, ilé, bí mo ṣe ń lo ayé mi nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ rí sọ fún èèyàn?

Ìbéèrè yìí ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, ẹ má bínú. Ará Àgbádárìgì ló ń sọ pé òun ò rí nǹkan sọ! Àwọn kan ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Brazil àti Amẹ́ríkà wá wo àdúgbò yín, ẹ̀yin ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lọ ra búrẹ́dì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845, tí wọ́n ní kò sí irú ẹ̀ ní Nàìjíríà ṣáájú ẹ̀, ó wà létí ọ̀sà níbẹ̀ yẹn, mélòó nínú wa ló ti gun àtẹ̀gùn ẹ̀? Ọjà Vlekete tí wọ́n ti ń ta èèyàn lẹ́rú ńkọ́? Ilé Seriki Faremi Williams Abass, tí yàrá tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ wà níbẹ̀ títí dòní, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ta bàbá yẹn fúnra ẹ̀ lẹ́rú rí, wọ́n gbé e dé Brazil, kó tó padà wá di ẹni tó ń ta èèyàn? Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá wọ́n á tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kì í sì í ṣe ìtàn ayé àtijọ́ nìkan. Ẹ lọ sọ́jà Agbálátà lọ́jọ́ ọjà, kẹ́ ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe òróró àgbọn, ìdí tí ọ̀kan fi máa ń rùn tí ìkejì ò rùn. Ẹ wo ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi, ẹ bi í báwo ló ṣe ń mọ̀ pé omi á dáa lọ́la. Ohun tí mo ń sọ ni pé lọ́sẹ̀ kan, ẹ dé ibì kan ṣoṣo tẹ́ ò dé rí láàárín ìlú yìí, kẹ́ ẹ bi ẹnì kan níbẹ̀ ní ìbéèrè kan tẹ́ ò mọ ìdáhùn ẹ̀. Tí ìyẹn bá ti di àṣà, ọ̀rọ̀ ò ní wọ́n yín lẹ́nu mọ́.

Mo mọ ìtàn dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, fóònù ni wọ́n máa ń mú.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fura sí. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn Àjàyí Crowther wò ó. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ìwé rèé: wọ́n bí i ní Òṣoògùn, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ó kàwé, ó di àlùfáà, ó dé Àgbádárìgì ní 1845, ó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ò ní yán tí wọ́n bá tò ó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí. Ọkùnrin kan wà ní Àgbádárìgì yìí, ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń dúró, Abẹ́òkúta ló fẹ́ lọ, ogun ò jẹ́ kí ọ̀nà là. Lágbègbè Abẹ́òkúta tí ò ráyè dé yẹn, ìyá tó bí i wà níbẹ̀, tí wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láti ọdún 25 sẹ́yìn.

Kẹ́ ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹnì kan á bi yín pé “Ó wá rí i?” Ìgbà yẹn lẹ tó máa sọ ọ́: ó rí i, ní August 1846, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn, ọ̀rọ̀ ò jáde, omi ń bọ́ lójú ìyá arúgbó. Tí wọ́n bá tún fẹ́ gbọ́ sí i, ẹ sọ pé ní 1848 ìyá yẹn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣèrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samuel inú Bíbélì, torí Samuel lorúkọ ọmọ ẹ̀. Ọdún 1821 àti Sàró àti ọkọ̀ ogun, ẹ fi wọ́n sápò, àwọn tó ń gbọ́ á fúnra wọn bèèrè ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ò ju pé mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí nǹkan kan ti ń jẹ ẹnì kan níyà, tí ò tíì mọ bó ṣe máa parí. Ẹ lè fi ọjà tẹ́ ẹ ná láàárọ̀ ṣe é, kò dìgbà tó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá tán! Àwọn kan wà tí wọ́n á ní “kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn”, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ á ti wá gùn.

Ìtàn mìíràn tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn gan-an ni ti Richard Lander, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń rìnrìn àjò kiri ilẹ̀ wa. Ní 1827, àwọn Potogí tó ń ra ẹrú níbí parọ́ mọ́ ọn pé amí ni, wọ́n bá ní kó mu omi májèlé níwájú àwọn àgbà ìlú kí wọ́n fi mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni. Ó mu ún, ó lọ pọ̀ ọ́, kò kú. Ní 1830 ó tún gbé àbúrò ẹ̀ dání, Àgbádárìgì yìí náà ló tún gúnlẹ̀ sí, ó lóun ń wá ibi tí odò Ọya ti wọ òkun. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín pé ṣé àwọn á padà wá. Ẹ kàn bi wọ́n, kẹ́ ẹ jókòó.

Wọ́n ní kí n máa bèèrè ìbéèrè, àmọ́ tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe ló ń dà bí ọlọ́pàá.

Torí pé ìbéèrè tẹ́ ẹ ti kó sórí láti ilé lẹ̀ ń bi wọ́n: níbo lẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó. Ẹni tẹ́ ẹ bi á dáhùn, ẹ ò ní gbé ìdáhùn ẹ̀ wò, ẹ ti bọ́ sórí òmíràn. Àwọn olùwádìí kan ní Harvard, Karen Huang àti Alison Wood Brooks wà lára wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2017 lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn bára wọn sọ wò, wọ́n rí i pé àwọn tó ń bèèrè nǹkan làwọn èèyàn fẹ́ràn jù, pàápàá àwọn tí ìbéèrè wọn ń tẹ̀ lé ohun tí ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́jà Agbálátà:

— Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ̀yin lẹ fúnra yín yan ẹja yìí?
— Èmi ni o, ọmọ mi. Láti òru ni mo ti wà nídìí ẹ̀.
— Òru kẹ̀? Kí ló dé tí kì í ṣe àárọ̀?
— Alẹ́ làwọn apẹja dé, ẹja tútù ò sì ń dúró de èèyàn.
— Ta wá ni ń bá yín ṣọ́ iná, kẹ́ ẹ lè sùn díẹ̀?

Ìyá yẹn á sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ obìnrin báyìí, bó ṣe ń ràn án lọ́wọ́ tàbí bó ṣe ń sá, á sì tún fi ẹja kan ṣe ẹ̀ní lórí ẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ìbéèrè yẹn tó gbé wá láti ilé.

Ẹ ṣọ́ra ṣá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ má béèrè iye ọmọ tẹ́nì kan bí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má béèrè owó oṣù, ẹ má sì bi obìnrin tó ti ṣègbéyàwó pé kí ló ń dúró dè. Tó bá jẹ́ àgbà, ẹ kí i dáadáa ná, ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ ní “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín”. Àgbà tí wọ́n bá fún ní ọ̀wọ̀ yẹn á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ojú ń tì mí. Ó máa ń ṣe mí bíi pé gbogbo èèyàn ló ń wò mí tí mo bá lanu.

Wọn ò wò yín. Ó rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti gbà gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ohun tí Thomas Gilovich àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Cornell, tí wọ́n gbé jáde ní 2000. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan fún akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán olórin kan tójú máa ń ti àwọn ọ̀dọ́ láti gbé sáyà wà níwájú ẹ̀ gàdàgbà, wọ́n ní kó wọlé bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Àwọn tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn rò pé bí ìdajì àwọn tó wà nínú yàrá ló máa dá olórin yẹn mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bi àwọn yẹn, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló mọ̀. Kálukú ń ronú ara ẹ̀.

Ìwádìí mìíràn tún jáde ní 2018: tí àwọn méjì tí ò mọra rí bá sọ̀rọ̀ tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń rò pé ẹnì kejì ò fi bẹ́ẹ̀ gba tòun, bẹ́ẹ̀ onítọ̀hún fẹ́ràn ẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Nítorí náà ìsọkúsọ tẹ́ ẹ rò pé ẹ sọ lánàá tí ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹni tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ti gbàgbé, ẹ̀bà ló ń jẹ.

Ẹ fi àwọn tí ọ̀rọ̀ jọ ń dà yín pọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kọ̀ńdọ́, oníkẹ̀kẹ́ máruwá, ẹni tó ń ta dátà fún yín, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì. Gbólóhùn kan lé lórí ìkíni, ó tán.

Ṣé ó dáa kí n máa bá ẹni tí mi ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀?

Àwọn olùwádìí méjì, Nicholas Epley àti Juliana Schroeder, dán an wò lára àwọn tó ń wọ reluwé àti bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní Chicago, èsì ẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n ní káwọn kan bá ẹni tó jókòó tì wọ́n sọ̀rọ̀, káwọn kan dákẹ́. Èrò àwọn èèyàn ni pé ọ̀rọ̀ sísọ máa ba ìrìn àjò jẹ́. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ni ìrìn wọn dùn jù.

Ẹ wá wo tiwa. Látìgbà tí reluwé ti ń ná Marina sí Mile 2 ní 2023, ibẹ̀ ń yá, àmọ́ láti Mile 2 wálé, ẹ̀yin náà mọ ojú ọ̀nà wa. Sáà tẹ́ ẹ máa lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó kọ́ iṣẹ́! Yorùbá sì ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí, kò sí nǹkan tí a ò ní ìkíni fún: ẹ kú ooru, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọmọ lọ́wọ́. Ẹ kí ẹni yẹn, kẹ́ ẹ sọ nǹkan kan lórí ohun tẹ́ ẹ jọ ń rí. Tó bá ní “òo” tó wá kọjú sí fèrèsé, ẹ fi í sílẹ̀, ó lè jẹ́ ibi òkú ló ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò o: ẹ má sọ àdúgbò tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ẹ má sọ iye tẹ́ ẹ gbé lọ sọ́jà, ẹ má sọ báńkì yín. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ yín sórí owó ṣáá, ẹ bọ́ọ́lẹ̀.

Yorùbá ni mí, àárín àwọn Ègùn ni mo ń gbé. Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èdè wọn?

Kì í ṣe dandan, ojú ló kàn ń tì mí fún yín. Kéèyàn gbé Posukoh tàbí Jegba fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má lè kí ìyá àgbà ojúlé kejì lédè ẹ̀, kí ló ti jẹ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíni, ọpẹ́ àti owó kíkà. Àwọn ọmọdé àdúgbò ni tíṣà tó dáa jù, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣàtúnṣe àgbàlagbà, wọn ò sì ń gbowó. Ẹ máa ṣàṣìsọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn yín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ máa rí i pé ó wúlò lọ́hùn-ún náà.

Fóònù ńkọ́?

Ẹ fi sápò. Ohun tẹ́ ẹ rí lórí TikTok láàárọ̀, àwọn náà ti rí i.

Ṣé kí n lọ kọ́ àwàdà ni? Àwọn tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ló ń lọ́rẹ̀ẹ́ jù.

Tó bá wà lára yín, ẹ ṣe é. Tí ò bá sí, ẹ rọra. Àwàdà tí wọ́n há sórí láti orí fóònù máa ń ní ìrísí kan lójú, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ má sì fi ara ẹlòmíì ṣe é, ẹni tó sanra mọ̀ pé òun sanra, ẹni tí irun orí ẹ̀ ti tán ní dígí nílé. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó máa sọ̀rọ̀ gún èèyàn tán tí wọ́n á ní “mo kàn ń ṣeré ni o”. Kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ẹlòmíì ṣe pàtàkì ju kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n dá lọ.

Mi ò fẹ́ràn òde àti ariwo. Ṣé mo ti kúrò nínú ẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. Ẹ fi òde sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ẹnì kan ṣoṣo, ní ìrọ̀lẹ́, létí ọ̀sà ní Marina wa níbí, kẹ́ ẹ jọ máa rìn láì wojú ara yín, ọ̀rọ̀ máa ń rọrùn nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń lọ. Tó bá di ìnáwó tẹ́ ò lè yẹ̀, ẹ gba iṣẹ́ ṣe, ẹ bá wọn pín omi, ẹ bá wọn to àga. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í wá ìdí tó fi yẹ kóun kí èèyàn.

Kí ni kí n kọ́, ìwé wo ni kí n kà?

Èyí tó bá wù yín gan-an, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rò pé á jẹ́ kẹ́ ẹ dà bí ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó mọ nǹkan kan dénú, bó ṣe ẹja ni, bó ṣe ẹ́ńjìnnì, bó ṣe ìlù Sato tí wọ́n ń lù láàárín àwọn Ègùn, ó sàn ju ẹni tó mọ àkòrí ogún nǹkan. Ẹ tún jẹ́ kí ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Wíwò nìkan ò tó.

Ọjọ́ mélòó ló máa gbà? Wọ́n ní ọjọ́ 21 ni àṣà tuntun fi ń mọ́ni lára.

Mi ò mọ ẹni tó ta 21 yẹn fún gbogbo ayé. Phillippa Lally àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96 tí wọ́n ń gbìyànjú àṣà tuntun kan, wọ́n gbé e jáde ní 2010. Ẹni tó wà láàárín nínú wọn lo bí ọjọ́ 66, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti 18, ó dé 254! Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé ọjọ́ kan tí wọ́n bá fò ò ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: tẹ́ ẹ bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi ẹnì kan ní nǹkan kan kí ọ̀sán tó pọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé lónìí, ọ̀la ń bọ̀.

Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo ti ń fóòmù.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre o. Ṣé ohùn yín ti yí padà láti ọjọ́ Mọ́ńdè? Ṣé gbogbo ìsọmọlórúkọ lẹ ti ń sọ ti Crowther? Ẹ yẹ ara yín wò, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ṣé ẹ bèèrè ju bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé lọ? Tó bá jẹ́ àlàyé ló pọ̀, ẹ ti di tíṣà láì gbowó oṣù, ẹ sinmi díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bèèrè lóòótọ́, ojú wọn ni ò tíì mọ́ ọn ni. Èyí tó pariwo jù nínú wọn, ẹ mú un dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Gberefu, erékùṣù tó wà lódìkejì ọ̀sà.

Ó máa ná mi lówó?

Díẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ibi ìtàn ń gba owó ìwọlé, ẹ fún ẹni tó mú yín kiri ní nǹkan tó bá sọ̀rọ̀ dáadáa, torí iṣẹ́ ni. Ti Gberefu, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ ní èbúté: ẹ dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ bèèrè bóyá àlọ àti àbọ̀ ni iye tí wọ́n dá, kẹ́ ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì omi kódà tí awakọ̀ bá ní kò sí wàhálà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà lọ́hùn-ún ni kànga kan wà, àwọn ará ibẹ̀ ní ẹrú tó bá mu omi ẹ̀ á gbàgbé ilé. Yanrìn ibẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án, ẹ tètè jáde, kẹ́ ẹ mú omi tiyín dání.